Sípíríǹgì Keje

Ọdún mẹ́tàlélógún gbáko ni Olúlékè fi tọ́jú láàbù físíìsì nílé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì kan ní Odode, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí lórí ètò. Òkúta ìwọ̀n tò láti orí kékeré dé orí ńlá, wọ́n ń dán gbinrin. Sípíríǹgì méjìlá so kọ́ sára pátákó, ó sì fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Gbogbo wọn ló dára, àfi keje.

Òun fúnra rẹ̀ ló ba keje jẹ́. Ó ní oko kòkó kékeré kan lọ́nà Òfosù, ó sì ti pẹ́ tó ti ń fura sí ìwọ̀n oníbàárà tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà ìsinmi kan lọ́dún 2006, ó gbé àpò kékeré kan tó kún fún kòkó gbígbẹ wọ láàbù, ó so ó kọ́ sípíríǹgì keje, ó ní òun fẹ́ mọ òótọ́. Sípíríǹgì nà, ó nà kọjá ibi tó yẹ kó nà dé. Nígbà tó gbé àpò náà kúrò, kò sún kì padà mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí èèyàn bá gbé ìwọ̀n kọ́ ọ tó sì yọ ọ́, kì í padà sí ojú ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi ṣiṣẹ́, ìlà gíráàfù rẹ̀ kò lè tọ́ láéláé.

Ó yẹ kó sọ fún ọ̀gá ilé ìwé. Kò sọ. Ó so keje padà sáàárín kẹfà àti kẹjọ. Nínú ìwé irinṣẹ́ tó ń kọ lọ́dọọdún, ó kọ "Ó dára" síwájú rẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú.

Kò pẹ́ tó fi rí ohun tí keje wúlò fún. Òun ló ń to irinṣẹ́ sórí tábìlì lọ́jọ́ ìdánwò àṣekágbá. Ọmọ tó bá fi gẹ̀ẹ́sì Olúlékè ṣẹ̀sín, tàbí tó kọjá lára rẹ̀ tí kò kí i, ọmọ náà ló máa bá keje níwájú rẹ̀. Olúlékè á lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé, á ká ọwọ́ mọ́ àyà, á máa wo bí òógùn ṣe ń bo ọmọ ọlọ́mọ. Ara rẹ̀ á wá balẹ̀ bíi ti ẹni tó jẹun yó.

Lọ́dún 2011, ó kan Nimat, ọmọ Àlájà tó ń ta ike lọ́jà. Ẹ̀ṣẹ̀ Nimat kò pọ̀. Olúlékè ló ń fọ́nnu fún àwọn ọmọ pé ohun tó bá wúwo ló ń kọ́kọ́ balẹ̀.

"Kò rí bẹ́ẹ̀, sà," ni Nimat wí. Ó gun orí bẹ́ǹṣì, ó mú ìwọ̀n ńlá lọ́wọ́ ọ̀tún, kékeré lọ́wọ́ òsì, ó jù wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbì kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́.

Kíláàsì hó yèè. "Bàbá Láàbù, ẹ wá bá wa jókòó o! Ẹ ó ra yúnífọ́ọ̀mù!"

Lọ́jọ́ ìdánwò, Nimat nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, sípíríǹgì yìí kì í padà sípò."

"Sípíríǹgì kọ́," ni Olúlékè dáhùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọwọ́ ẹ ni ò dúró sójú kan. Ṣebí ìwọ lo mọ̀ ju àgbà lọ."

Nimat fìdí rẹmi. Yunifásítì tó ti fẹ́ gbà á fi ààyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọdún méjì ló fi jókòó ti ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ kó tó tún ìdánwò náà ṣe níbòmíràn.

Lọ́dún 2022, wọ́n gbé tíṣà físíìsì tuntun wá sílé ìwé náà. Nimat ni. Àyà Olúlékè já, ṣùgbọ́n tíṣà náà kúnlẹ̀ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ káàárọ̀, sà." Olúlékè rò pé ọmọ náà ti gbàgbé.

Ọdún náà kò tíì parí tí lẹ́tà kan fi dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Olùtọ́jú láàbù tí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú físíìsì títí di oṣù kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀, kó máa lọ sílé. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni Olúlékè, ó sì ku ọdún méje kó fẹ̀yìn tì.

"Ẹ má dààmú, sà," ni Nimat wí. "Màá kọ́ yín."

Ó sì kọ́ ọ ní tòótọ́, lọ́sàn-án gbogbo, bí àwọn ọmọ bá ti lọ tán. Láti ojú fèrèsé, ó nawọ́ sí òkè àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ìwé.

"Ẹ wo òkúta ńlá yẹn. Ohun tó bá dúró, ibẹ̀ ni yóò dúró sí, títí agbára kan yóò fi tì í. Ohun tó bá sì ń lọ, yóò máa lọ ni, títí agbára kan yóò fi dá a dúró. Ó yá, ẹ ti ògiri yìí."

Olúlékè tì í.

"Kí ni ògiri ń ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Ó ń tì yín padà, sà. Bí ẹ ṣe tì í tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ń tì yín. Kò dín, kò lé."

Nígbà tí wọ́n dé orí sípíríǹgì, ó ní sípíríǹgì ní ààlà, tí agbára bá ti fà á kọjá ibẹ̀, ó parí nìyẹn. Olúlékè yọ́jú wo pátákó. Nimat kò wò ó.

Nígbà tí oṣù kẹta yóò fi pé, kò sí ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá tí Olúlékè kò lè dáhùn. Inú rẹ̀ ń dùn bí inú ọmọdé.

Lọ́jọ́ ìdánwò, nítorí pé Olúlékè náà ń ṣe é, Nimat ló to irinṣẹ́. Olúlékè jókòó. Ọ̀dà pupa ló kọ́kọ́ rí: keje. Ó gbé ìwọ̀n kọ́ ọ, ó yọ ọ́. Kò padà. Ó nawọ́ sókè, Nimat sì rọra wá.

"Tíṣà, ẹ ṣàánú mi, ẹ pààrọ̀ ẹ̀," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Kì í padà sípò."

"Sípíríǹgì kọ́, sà. Ọwọ́ yín ni ò dúró sójú kan."

Ìyá tó ti Àkúrẹ́ wá bójú tó ìdánwò náà dìde. "Kí ló dé níbẹ̀? Ṣé irinṣẹ́ yẹn ti bàjẹ́ ni?"

Nimat ṣí ìwé irinṣẹ́. "Ohun tó wà níbí ni pé ó dára, mà. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Bàbá ti ń buwọ́ lù ú."

"Ó dáa. Bàbá, tó bá ti bàjẹ́, ẹ sọ ìgbà tó ti bàjẹ́, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á fún yín ní òmíràn báyìí."

Gbogbo wọn gbé orí sókè. Lọ́kàn rẹ̀, Olúlékè rí gbogbo ọmọ tó ti gbé keje fún láti ọdún mẹ́tàdínlógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òógùn ojú rẹ̀.

"Ó dára, mà."

Ó fa gíráàfù rẹ̀. Ìlà náà wọ́. Nítorí pé wọ́n ti kọ́ ọ dáadáa, ó mọ ìdí tí àmì kọ̀ọ̀kan fi bọ́ síbi tó bọ́ sí. Nimat dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

Èsì jáde, kò yege. Nínú oṣù kẹsàn-án, ó wá fa láàbù lé Nimat lọ́wọ́. Wọ́n ń ka irinṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, Olúlékè ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó kan keje, Nimat tẹjú mọ́ ọn. Olúlékè di bírò mú títí. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́: "Ó dára."

Nimat yọ sípíríǹgì náà kúrò lára pátákó, ó dì í sínú bébà, ó sì tì í bọ inú báàgì Olúlékè.

"Níwọ̀n ìgbà tó ti dára, ẹ máa mú un lọ, sà. Ẹ lè máa fi wọn kòkó yín."

Olúlékè gbé ojú sókè wárá, ó ń wá a lójú Nimat bóyá ó mọ̀ pé kòkó ló ba keje jẹ́. Nimat kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ti ń ka kẹjọ.