Ìràwọ̀ Méjì Tójú Ń Rí Bí Ẹyọ Kan

Ọjọ́ tí mo padà síléèwé ní Ìbàfò lẹ́yìn ìsìnkú Táíwò, ìkejì mi, kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Tíṣà Físíìsì ya ìràwọ̀ sójú pátákó. “Ẹyọ kan lojú ń rí, àmọ́ méjì ni wọ́n. Ọ̀kan ṣì ń jó. Iná èkejì ti kú, ó ti súnkì, ṣùgbọ́n ó wúwo. Wọ́n ṣì ń yí ara wọn po.”

Mo nawọ́. “Sà, ṣé èyí tó kú ṣì ń fa èkejì?”

“Ó ń fà á, Kẹ́hìndé.”

Nígbà tí mo délé, mọ́mì ti bu ẹ̀wà sábọ́ méjì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n rí ohun tí wọ́n ṣe, wọ́n nawọ́ láti gbé abọ́ kan kúrò.

“Ẹ fi sílẹ̀, mà.”

Mo jẹ tèmi tán, mo jẹ ti Táíwò. N kò sunkún. N kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀.