Iṣu Tuntun Dúró De Àjíkẹ́

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi, Àjíkẹ́. Olóríkunkun ni! Bí kì í bá ṣe oríkunkun, kí ló lè mú obìnrin tó bímọ mẹ́rin, tó ti fi ogún ọdún ṣe tíṣà ní Ayétòrò, di ẹrù rẹ̀ pé òun ń lọ sùn sí ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀?

Kọ́ọ̀sì àwọn tíṣà ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lásìkò hólídé gígùn. Ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò lè di ọ̀gá ilé ìwé. Ọmọ tí Àjíkẹ́ kọ́ ní a-bí-dí ti di ọ̀gá lé e lórí, ó ń béèrè nóótù lọ́wọ́ rẹ̀ lárààárọ̀. Ó dùn ún dé egungun.

Ọdún 1982 ló kọ́kọ́ lọ. Òfin wọn ò pọ̀: ẹni tó bá sùn síta láìgbàṣẹ, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀. Ilé Ògún sì ni ilé wa. Lọ́dọọdún, àkọ́bí obìnrin ilé ló ń sun iṣu tuntun àkọ́kọ́, òun náà ló ń gbé e lé Bàbá lọ́wọ́ níwájú Ògún. Kó tó ṣe é, ẹnu kan kò gbọdọ̀ kan iṣu tuntun. Àjíkẹ́ sá wálé wá ṣe é. Nígbà tó padà, wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀. Ó sunkún lójú mi, ṣùgbọ́n ó purọ́ fún Bàbá pé kọ́ọ̀sì ti parí.

Lọ́dún kejì, ó tún lọ. Àfi bí ọdún Ògún ṣe bọ́ sí Sátidé ìdánwò àṣekágbá! Ó fi lẹ́tà rán awakọ̀ sí mi: “Bọ́sẹ̀dé, n kò wá lọ́dún yìí. Bá mi sun iṣu náà. Kí wọ́n bú mi tó bá wù wọ́n. Mi ò ní kúrò níbí láìgba ìwé yìí.”

Mo kà á fún Bàbá. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ títí, ó ní, “Àkọ́bí mi ò kú, mi ò ní fi ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀. Lọ pè é wá.”

Inú bí mi. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú, mi ò lọ! Iṣu yìí náà ló jẹ́ kí wọ́n lé e léṣìí. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ wú, ó wá ń rẹ́rìn-ín níwájú yín.” Mo kúnlẹ̀ kíá, mo ń retí ìgbátí.

“Kò sọ fún mi,” ni gbogbo ohun tí Bàbá wí. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Nígbà tí Sátidé dé, ó gbé obì síwájú Ògún, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ọmọ òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan iṣu. Háà! Àwọn ará àdúgbò ń gún iyán tuntun, àwa ń mu gàrí. Àwọn ọmọ ń ráhùn, èmi àgbà ń ráhùn jù wọ́n lọ. Aládùúgbò kan bi Bàbá pé kí ló dé.

Bàbá ní, “Ògún lè dúró. Ìdánwò ni kì í dúró.”

Ọjọ́ Ajé ni Àjíkẹ́ dé, ẹrù lórí, ojú le koko. Láti Iléṣà ló ti ń múra ìjà bọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ bú mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀.”

“Ṣé o parí ẹ̀?”

“Mo parí ẹ̀, Bàbá.”

Bàbá na ọ̀bẹ sí i, ó tọ́ka sí iṣu tí ẹnì kan ò tíì kàn. Àjíkẹ́ wò ó, ó wo ife gàrí ọwọ́ mi, ló bá bú sẹ́kún.

“Wàá sunkún tó bá yá,” ni Bàbá wí. “Dáná ná. Ebi ń pa gbogbo ilé.”