Bí Mo Ṣe Kọ́ Fífọ Irun Ìyá Mi

Títí di òní, bí òórùn àdí bá gbá mi nímú níbikíbi, bálùwẹ̀ ilé tí a gbé ní Ìbà ni ọkàn mi máa ń lọ. Bálùwẹ̀ náà kò ní òrùlé. Páànù ni wọ́n fi yí i ká, ilẹ̀ rẹ̀ sì máa ń yọ̀ bí ilá. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ṣubú láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan tí ó ń múra àtilọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí ìyá mi wo ẹ̀yìn, èmi nìkan ló rí, nítorí èmi nìkan ló bí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ṣẹ́. Wọ́n fi P.O.P. dì í fún un ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ kan omi.

Ó lè fi ọwọ́ òsì wẹ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n irun kò ṣeé fi ọwọ́ kan fọ̀, irun tirẹ̀ sì kì í ṣe kékeré. Nígbà tí bàbá mi kú, tí mo ṣì kéré, wọ́n fá orí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún opó. Láti ìgbà náà kò jẹ́ kí abẹ́ tàbí àlùmọ́gàjí kan irun náà mọ́. Ó máa ń sọ pé, "Mo ti fárí lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn tó mi." Mo rò pé bí irun yẹn ṣe ń gùn ló fi ń mọ̀ pé òun ti ń jìnnà sí ọ̀fọ̀ náà.

Kì í sì í gbé orí fún gbogbo ọwọ́. Onídìrí tó ti ń bá a dì í láti ọjọ́ pípẹ́ ti kó lọ sí Àgbádárìgì. Obìnrin kan nínú ilé ní òun á máa bá a fọ̀ ọ́. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ náà ló kù o, ọkọ mi."

Iṣẹ́ lílẹ táìsì sí ilẹ̀ àti ara ògiri ilé ni mò ń ṣe nígbà náà, káàkiri Òkòkòmáíkò àti Àjángbádì. Ìwé mi kò lọ jìnnà, ṣùgbọ́n tó bá ti jẹ́ nǹkan kí á fọ nǹkan kó mọ́, mo gbà pé ọ̀gá ni mí. Bí mo ṣe ń fọ sìmẹ́ńtì kúrò lára táìsì, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fọ orí ìyá mi. Mo fa omi kànga, mo gbé e kaná títí ó fi gbóná janjan. Ìyá mi ró ìró mọ́ àyà, ó jókòó sórí àpótí, ó na ọwọ́ tó ṣẹ́ síta nínú ọ̀rá. Mo fi ọṣẹ ìfọṣọ pa kànìnkànìn, mo kó gbogbo irun náà jọ sí àtàrí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́. Kí ọṣẹ tó kúrò lórí rẹ̀, mo ti ki òòyà eléyín wẹ́wẹ́ bọ̀ ọ́. "Rọra," ni gbogbo ohun tí ó sọ. Nígbà tí mo parí, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Mo fi inú dídùn lọ síbi iṣẹ́.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Irun náà le bí okùn tí oòrùn ti pa, ó pọ́n, ó ń já. Ẹ̀bátí rẹ̀ méjèèjì hàn síta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í de fìlà sùn, mo rò pé òtútù ló ń mú un. Ní Sátidé kan, mo ti gbé omi kaná, ó ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu.

"Lọ bá mi ra abẹ́ wá."

"Ẹ fẹ́ gé èékánná ni, Màámi?"

"Irun ni. Jẹ́ kí n kúkú fá a kó tó tán lórí mi."

Kò bínú. Àwòrán bàbá mi tó wà lára ògiri ló ń wò. Mo mọ ohun tí fífá orí jẹ́ fún un.

Bí mo ṣe ń jáde ni mo bá ìyá onílé wa, àgbàlagbà obìnrin Àwórì kan tí ẹnu rẹ̀ mú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bálùwẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa irun tí mo ti dà sí ojú gọ́tà, torí a kì í fi irun ènìyàn sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ láti tẹ̀.

"Irun ta ni mò ń ṣà kiri lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ báyìí?"

"Ti ìyá mi ni, mà."

"Ṣé adìẹ lò ń tu ni, àbí irun lò ń fọ̀?"

Mo ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe é. Ó ń gbọ́, ó di ojú. Ó wá béèrè pé omi wo. Mo ní omi kànga.

"Sùtánà funfun tí ìyá rẹ ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Omi wo lẹ fi ń fọ̀ ọ́?"

"Omi òjò, mà." Gbogbo ará ilé ló mọ̀ pé omi kànga wa máa ń sọ aṣọ funfun di pupa. Mo ti dáhùn tán kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

"Ẹn-ẹ́n. Omi tí kò yẹ aṣọ rẹ̀, òun lò ń dà sí i lórí. Fi abẹ́ sílẹ̀, kó o lọ gbé korobá sábẹ́ òṣòòrò. Òjò ń bọ̀."

Mo padà sínú ilé, mo kúnlẹ̀. Mo bẹ Màámi pé kó fún mi láyè díẹ̀ sí i, pé bí irun náà kò bá gbọ́, èmi fúnra mi á ra abẹ́ náà. Ó ní, "Ìwọ àti ìyá onílé ti gbìmọ̀ lé mi lórí nìyẹn." Ṣùgbọ́n ó ṣí fìlà.

Ìyá onílé kò fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ó mọ irú ènìyàn tí ìyá mi jẹ́. Nígbà tí òjò náà dá, ó gbé àpótí sí ẹ̀yìn páànù bálùwẹ̀, ó ń darí mi láti ìta. Kí omi tó kan irun, kí àdí ti kàn án. Kí n pín in sí mẹ́rin, kí n di ọ̀kọ̀ọ̀kan dẹngbẹrẹ. Kí n po ọṣẹ dúdú mọ́ omi òjò tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí n dà á láti iwájú orí lọ sẹ́yìn, kí n má kó irun jọ sí àtàrí.

"Mò ń gbọ́ èékánná rẹ láti ibí o. Ojú ìka ni kó o fi ṣe é. Orí ni, kì í ṣe ìkòkò tó jóná."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ tó ti ṣubú. Nígbà tí mo ṣan ọṣẹ náà tán, mo mú táwẹ́ẹ̀lì, ìyá onílé ní kí n gbé e jù sílẹ̀. Aṣọ òwú gbígbó ni mo fi tẹ omi kúrò lára irun náà, tí mi ò fi nù ún. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó mú òòyà onígi eléyín gbàgàdà, láti ìdí irun dé ṣónṣó kọ́, láti ṣónṣó ni mo ti bẹ̀rẹ̀. "Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni ìyá onílé sọ, ó sì gbé àpótí rẹ̀ wọlé.

Kò hù lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n irun tó ń já dín kù, títí mi ò fi rí nǹkan kan ṣà mọ́ nílẹ̀ bálùwẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú P.O.P. náà, irun wẹ́wẹ́ ti yọ lẹ́bàá etí rẹ̀ bíi koríko àkọ́rọ̀ òjò. Kò de fìlà bọ̀ láti ilé ìwòsàn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mò ń di irinṣẹ́ mi sínú àpò, mo gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ àpótí lọ sí bálùwẹ̀.

"O ò ní wá fọ̀ ọ́ ni?"

"Ọwọ́ yín ti san, Màámi."

"Ọwọ́ mi ló ti san. Orí mi ti mọ ọwọ́ rẹ."

Ìyá onílé ti di olóògbé. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó, mo rò pé àyè á máa wà. Ọ̀tọ̀-Àwórì ni èmi àti ìyá mi ń gbé báyìí. Omi kànga ibẹ̀ náà pọ́n. Bí òjò bá ti ṣú, àwọn ará ilé á máa sáré lọ ká aṣọ. Korobá lèmi máa ń sáré sí.