Bí Mo Ṣe Fún Ọ̀rọ̀ Màámi Pọ̀

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń kógbá sílé, èmi ni mo mọ kọ̀ǹpútà jù ní Ìkẹ́nnẹ́. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ o, èmi ni mo ń sọ ọ́ kiri. Mo ti ka ìdajì ìwé kan tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fi lẹ́tà títẹ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lójú dúdú tí kò ní àwòrán kankan. Ìdajì yẹn ti tó fún mi láti máa wo àwọn tó ń lo máòsì bí ọmọ tó ṣì ń rákò.

Nítorí náà, nígbà tí Màámi gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ pé òun á bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ̀rọ̀, èmi ni mo fò síwájú. Amẹ́ríkà ni ẹ̀gbọ́n mi wà. Ó fẹ́ ọkùnrin kan níbẹ̀ tí Màámi ní kò gbọdọ̀ fẹ́, láti ìgbà náà kò sì sí "báwo ni" láàárín wọn, àfi èyí tí mo bá bá wọn gbé. Màámi kò fẹ́ kọ lẹ́tà. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun ní í sọ, kí ọmọ òun fi ojú ara rẹ̀ rí i lẹ́nu òun. Ó di fídíò nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kásẹ́ẹ̀tì tiwa kì í ṣiṣẹ́ nínú fídíò tiwọn. Kásẹ́ẹ̀tì ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti fi ránṣẹ́ rí, òjò lásán ni wọ́n rí tó ń rọ̀ lójú tẹlifíṣàn.

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mo ní màá gbé fídíò náà sínú kọ̀ǹpútà tí mo yá lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, màá wá fún un pọ̀ bí ẹni fún ẹ̀gẹ́ nínú àpò: omi á jáde, ohun tá a fẹ́ jẹ á kù. Dísìkì pẹlẹbẹ mẹ́wàá péré ni yóò gbà. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ya fídíò náà, Màámi kò gba ẹnikẹ́ni láyè nínú pálọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó gbé kámẹ́rà dání. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ọkùnrin náà jáde, ó ń nu ojú. Mo rò pé ooru ni.

Olùkọ́ yunifásítì kan nínú ìjọ wa ló máa bá wa mú dísìkì náà lọ sí Amẹ́ríkà. Ó fẹ́ gbéra lọ sí Èkó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, gẹ́rẹ́ tí oòrùn bá wọ̀, torí náà iṣẹ́ mi gbọ́dọ̀ parí lọ́jọ́ Ẹtì. Nílé wa, bí oòrùn ọjọ́ Ẹtì bá ti wọ̀, Ìsinmi ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ìjọ wa ń pa mọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oúnjẹ ti gbọ́dọ̀ jinná, bàtà ti gbọ́dọ̀ dán, áyọ́ọ̀nù ti gbọ́dọ̀ tutù. Iná ọba kò lọ lọ́jọ́ náà rárá, kí n má baà rí ẹni ti ẹ̀bi sí. Àárọ̀ ni mo tẹ àṣẹ àkọ́kọ́, tí mo ń tẹ̀ ẹ́ gbagba kí Màámi lè gbọ́ láti ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá a dúró tí mo tún un bẹ̀rẹ̀, torí mo fẹ́ kí àwòrán náà dán sí i. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, kò tíì dé ìdajì.

Màámi wọlé, ó wo nọ́ńbà tó ń yí lójú kọ̀ǹpútà. "Lèésí ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ yẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, Màámi. Ẹ̀rọ lásán ni."

"Ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, mà. Ṣùgbọ́n èmi jókòó ni tèmi."

"Màlúù gan-an ń sinmi. Bí oòrùn bá ti wọ̀, màá fa wáyà ẹ̀ yọ."

Mo rán an létí pé ọ̀rọ̀ òun fúnra òun ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Ó ní Ọlọ́run ló ni ọjọ́, òun kọ́.

Kò sí ohun tó kù ju kí n dín in kù. Mo ki kásẹ́ẹ̀tì sínú fídíò, mo ń sáré wò ó láìgbóhùn. Ẹnu Màámi ń lọ sókè sódò wéréwéré. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹrìnlá, ó tẹrí ba. Mo sáré síwájú, orí ṣì wà nílẹ̀. Mo tún sáré díẹ̀ sí i, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo ní, áà, àgbàlagbà ti sùn lọ, oníkámẹ́rà sì gbàgbé láti pa á. Inú mi tiẹ̀ dùn sí ọgbọ́n orí mi. Mo tẹ àṣẹ tuntun: kí àwòrán kéré bí páálí ìṣáná, kí ó sì dúró ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá. Oòrùn ṣì wà lórí páànù aládùúgbò nígbà tí mo da dísìkì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé olùkọ́ náà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, mo pa fáìlì ńlá rẹ́, mo sì dá kásẹ́ẹ̀tì padà fún oníkámẹ́rà. Mo ní kí ó fi ya ìsìnkú tó bá wù ú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a lọ gba ìpè ẹ̀gbọ́n mi nílé tẹlifóònù kan ní Màkún. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé e, kí n lè gba ìdúpẹ́ mi.

Kò dúpẹ́. Ó ní, "Fídíò yẹn dúró níbi tí Màámi ti tẹrí ba. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo orí yẹn. Wọ́n kí mi, wọ́n ka àwọn tó ti kú, wọ́n sọ̀rọ̀ iṣu, wọ́n sọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò. Wọn ò dárúkọ ọkọ mi. Wọ́n wá tẹrí ba, ó tán. Sọ fún wọn pé ó ti yé mi. Ojú mi ṣì ń tì wọ́n."

Màámi fà mí láṣọ, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu ẹ̀. "Ó gbọ́ ohun tí mo sọ gbẹ̀yìn?"

Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ níkùnlẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, níwájú gbogbo àwọn tó ń dúró de ìpè tiwọn. "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Mo gé e kúrò. Mo rò pé ẹ ti sùn ni."

"Mo sùn?" Ó wò mí títí ojú fi gbà mí tì. "Agbára tí màá fi sọ ọ́ ni mò ń wá."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi.  Láti ilẹ̀ ni mo ti rí i tó tẹrí ba bó ṣe tẹ̀ ẹ́ nínú fídíò, ó sì pẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́.

"Ọmọ mi, èmi ni mo jẹ̀bi. Mú ọkọ ẹ wálé kí n rí i."

Igbe ẹ̀gbọ́n mi jáde látinú fóònù débi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí. Ohun tí mo gé sọnù kò ju gbólóhùn méjì yẹn lọ. Nígbà tí Màámi gbé fóònù sílẹ̀, ó gba orí ẹsẹ̀ mi kọjá, ó sì forí lé ọ̀nà ibùdókọ̀ láìní kí n dìde.