Ayọ̀ Tí Wọ́n Ní Kí N Fi Pamọ́

Òórùn kọfí àti ti ẹ̀wù òtútù tí òjò pa ló máa ń kún ibùdókọ̀ New Carrollton nílùú òyìnbó níbí láràárọ̀, níbi tí mo ti máa ń dúró de bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sí yunifásítì. Ibẹ̀ ni mo wà, ní ọdún kẹta mi, nígbà tí mo pe mọ́mì mi lórí fóònù pé èsì ìdánwò ti jáde, A ni mo gbà nínú gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n pariwo "Ẹ ṣeun, Jésù!" lẹ́ẹ̀kan, ohùn wọn sì wálẹ̀ lójijì.

"Jọ̀ọ́, má tíì sọ nílé o. Àbúrò ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìṣirò ni. Tí dádì yín bá gbọ́ méjèèjì pọ̀, kò ní dáa fún un."

Mo ní mo ti gbọ́, mà. Mo ra dónọ́ọ̀tì kan, mo jẹ ẹ́ láàárín àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Àjọyọ̀ mi nìyẹn.

Ọdún kan péré ni mo fi ju àbúrò mi lọ, yunifásítì kan náà la sì ń lọ. Bó ṣe rí nílé wa ló rí ní kíláàsì wa láwọn ọdún yẹn: àwa obìnrin là ń gba máàkì jù, àwọn ọkùnrin á sì máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé a ò ní ohun mìíràn tí à ń ṣe ju ìwé lọ. Nílé tiwa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Àbúrò mi nìkan lọ́mọkùnrin tí dádì mi bí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ dá nínú àdúrà. Mo wá kọ́ bí èèyàn ṣe ń wọlé bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Fífi ìbànújẹ́ pamọ́ nira, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ayọ̀ téèyàn fi pamọ́, kò sẹ́ni tó máa báni kẹ́dùn lórí rẹ̀.

Nígbà tí òtútù lọ tí igi ń rúwé, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ní kí n wá gba ẹ̀bùn akẹ́kọ̀ọ́ tó ta yọ jù lọ. Mọ́mì ní iṣẹ́ ò ní jẹ́ káwọn lè wá; a ò sì sọ fún dádì. Àwọn òbí àwọn yòókù gbé òdòdó dání, wọ́n ń ya fọ́tò. Èmi gbé báàgì mi lé àga ẹ̀gbẹ́ mi kó má baà ṣófo. Wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n tilẹ̀ ṣì í pè. Bí mo ṣe dìde lẹ́nì kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn!"

Àbúrò mi ni, tòun ti aṣọ iṣẹ́ sọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti rí orúkọ mi lára ògiri ẹ̀ka wa.

Nígbà tí a jáde, ó ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé á dùn ẹ́ ni."

"Èyí tó ń dùn mí ni pé ẹ máa ń dákẹ́ tí mo bá ti wọlé. Ìwọ àti mọ́mì lẹ jọ wà, èmi dá wà." Kò wojú mi. "Ìṣirò yẹn ò yé mi rárá. Ṣé o lè kọ́ mi?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún dádì nídìí oúnjẹ, èsì tirẹ̀ àti tèmi, títí kan ẹ̀bùn náà. Dádì gbé ṣíbí sílẹ̀. Gbogbo wa ń retí ìbínú.

"Ẹ̀bùn? Lónìí?" Ohùn wọn kò ròkè. "Ǹ bá ti wá."

Mọ́mì tẹjú mọ́ abọ́ wọn. Kò sí bí a ṣe fẹ́ dá ọjọ́ náà padà.

Àbúrò mi tún ìdánwò náà ṣe, ó yege, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba A. Mo kọ́kọ́ rò pé bí orí mi ṣe jí pépé ju tirẹ̀ lọ ló wà láàárín wa. Ọjọ́ pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ la kọ́ bí ògiri sáàárín ara wa, tí kálukú sì dá nìkan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ tèmi náà ti ń mú èsì wálé báyìí, obìnrin kan, ọkùnrin kan. Mo máa ń ka méjèèjì sókè nídìí oúnjẹ. Nígbà míì ojú èyí ọkùnrin á rẹ̀wẹ̀sì. Mo máa ń jẹ́ kó rẹ̀wẹ̀sì, nítorí gbogbo wa la wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kò dá wà.