Àtàǹpàkò Mi àti Àwòrán Màmá

Mò ń da ògì gbígbóná sínú abọ́ Màmá láàárọ̀ ọjọ́ kan ni àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi kọ̀ fún mi. N kò kọsẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tì mí. Ìrora kan ṣáà là láti ìdí àtàǹpàkò náà wọ ọrùn-ọwọ́ mi bí ẹni pé wọ́n fi abẹ ya á. Ìkòkò bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ògì sì dà sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Màmá. Díẹ̀ ló kù kó jó o. Màmá wò mí, ó ní, "Mojí, kí ló ṣe ọ́?" Mo ní kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n àyà mi ń lù.

Mo ń kọ èyí nítorí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ń ṣe. Aránṣọ ni mí ní Kàbbà, ọwọ́ yìí ni mo fi ń jẹun. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń fi àmì hàn. Bí mo bá di àlùmọ́gàjí mú, á máa ta mí. Bí mo bá jí, ọrùn mi á le bí ẹni pé orí igi ni mo sùn. Mo ní iṣẹ́ ló fà á, mo fi òróró pa á, mo sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni ohun tí mo ń fi àtàǹpàkò yẹn ṣe nígbà tí n kò bá ránṣọ. Àbúrò mi, Tóyìn, ń gbé ní Àbújá. Ọ̀dọ̀ èmi àti ọkọ mi ni Màmá wa wà láti ìgbà tí orúnkún rẹ̀ ti kọ ìrìn. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń gbé e dìde, èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀. Tóyìn ní tirẹ̀ máa ń pè é lórí fóònù mi, wọ́n á sì máa wo ojú ara wọn. Kí ẹ wá rí Màmá! Obìnrin tó ti ń kùn sí mi láti àárọ̀ pé omi ìwẹ̀ tutù, pé ọbẹ̀ kò níyọ̀, ojú rẹ̀ á tàn yòò. "Tóyìn mi, okun o! Ọmọ mi, okun o!" ni yóò máa fi ìkíni ilẹ̀ wa kí i. Èmi ni màá di fóònù náà mú fún wọn. Wọn kì í rí mi nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Tóyìn á gbé àwòrán Màmá sí ojú òpó rẹ̀ lórí ayélujára, á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun dúpẹ́ tí Ọlọ́run jẹ́ kí òun rí ìyá òun tọ́jú. Àwọn èèyàn á máa rọ̀jò àdúrà lé e lórí: ọmọ dáadáa ni ọ́, àwọn ọmọ tìẹ náà á tọ́jú rẹ. Gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń kà. Màá fi àtàǹpàkò fa ojú fóònù lọ sókè, màá fà á wá sílẹ̀, màá tún padà lọ wò bóyá ẹlòmíràn ti kọ nǹkan sí i. Mò ń ṣe é nídìí máṣíìnì, mò ń ṣe é nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlara náà wọ̀ mí lára débi pé bí fóònù bá ti dún báyìí, ẹnu mi á gbẹ.

Ọkọ mi ló fi alùpùpù gbé mi lọ sílé ìwòsàn. A jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, láàárín ìyá kan tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún àti bàbá arúgbó kan tí wọ́n gbé wá láti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. Ọmọbìnrin kan jókòó níwájú mi, ó ń wo fóònù tirẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo jowú òun náà. Fóònù tèmi wà nínú báàgì, ọwọ́ tí yóò dì í mú ni kò sí.

Dókítà tó rí mi, obìnrin tí mo jù lọ́jọ́ orí, ní kí n ká àtàǹpàkò mi sínú ìkúùkù, kí n wá tẹ ọrùn-ọwọ́ sí apá ibi tí ìka tó kéré jù wà. Mo pariwo. Ó ṣàlàyé pé okùn iṣan ló ń gba inú àpò tóóró kan kọjá lọ sídìí àtàǹpàkò, bí okùn ṣe ń gba ọrùn ṣòkòtò kọjá. Bí èèyàn bá ń lo àtàǹpàkò lọ́nà kan náà láìsinmi, àpò náà á wú, á sì fún okùn iṣan náà mọ́ra. Ní ti ọrùn mi, ó ní orí tí mo ń tẹ̀ ba nígbà gbogbo ló jẹ́ kó rẹ iṣan tó gbé e dúró. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà láti wo bí ọkàn mi ṣe ń lù. Kò lárùn. Ẹ̀jẹ̀ mi ló ga díẹ̀. Ó ní àníyàn ló ń mú àyà mi lù bẹ́ẹ̀, pé ara mi ń múra ìjà nígbà tí kò sí ọ̀tá nítòsí.

"Kí lẹ máa ń wò lórí fóònù yín, mà?"

Ọkọ mi ló ní, "Àbúrò rẹ̀ ni." Ojú tì mí. Inú tún bí mi pé ó ti mọ̀ látọjọ́ yìí.

Wọ́n fún mi ní oògùn ìrora, wọ́n sì fi ìdè tó ní irin pẹlẹbẹ nínú di ọrùn-ọwọ́ mi kí àtàǹpàkò má baà máa yí. Dókítà ní kí n sinmi iṣẹ́ díẹ̀, kí n sì gbé fóònù jù sílẹ̀ pátápátá. Ọkọ mi tì í mọ́ inú àpótí aṣọ rẹ̀, ó wá ra kékeré kan fún mi tí kò lè ṣe ju ìpè lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun. N kò fún Tóyìn ní nọ́ńbà náà.

Mo rò pé ara máa tù mí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ṣe ni itan mi ń gbọ̀n bí ẹni pé fóònù ń dún níbẹ̀, nígbà tí kò sí nǹkan kan nínú àpò mi. Mò ń kanra mọ́ àwọn ará ilé. Èyí tó burú jù ni pé ìlara náà kò bá fóònù lọ. Nígbà tí mo ń rí ohun tí Tóyìn ń gbé síta, ó níbi tó mọ. Nígbà tí n kò rí i mọ́, èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, mo sì ń rò ó kọjá ibi tí òun lè ṣe é dé.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà mi kan yà wò mí, ó ní, "Ẹ ò rí bí léèsì yẹn ṣe bá ìyá yín mu lójú òpó Tóyìn!" Èmi ni mo rán léèsì yẹn fún Màmá, kí fóònù mi tó wọ àpótí. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo tú ìdè ọwọ́ mi kí n lè kà á dáadáa. Nígbà tí mo fi máa dá a padà, ìrora ti gùn dé ìgúnpá mi. Mo padà sílé ìwòsàn, wọ́n sì gún mi lábẹ́rẹ́ sídìí àtàǹpàkò. N kò ní parọ́ fún yín, abẹ́rẹ́ yẹn dùn mí gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mo ń sùn. Etí mi wá ń gbọ́ ohun tí Màmá ń sọ. Omi ìwẹ̀ náà máa ń tutù lóòótọ́, nítorí mo máa ń gbé e kalẹ̀ tán kí n tó jókòó ti fóònù.

Ọjọ́ Sátidé kan ni Tóyìn dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ le. "Àǹtí mi, kí ni mo ṣe tí ẹ fi gé mi kúrò lọ́dọ̀ Màmá? Fóònù yín kì í wọlé. Bí mo bá pe ọkọ yín, wọ́n á ní ara yín kò yá, kí n ní sùúrù."

Mo na ọwọ́ tí wọ́n dì sí i. Mo ní, "Àwọn àwòrán rẹ ló ṣe mí báyìí. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, ìwọ ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó wo ọwọ́ náà pẹ́. "Àwòrán nìkan ni mo ní, Àǹtí mi. Bí Màmá bá ń bá mi sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ mọ orúkọ tó máa ń pè mí? Mojí. Nígbà gbogbo. Mo máa ń sunkún tí mo bá ti pa fóònù."

Mo ti ń gbọ́ orúkọ mi nínú àwọn ìpè yẹn. Mo rò pé Màmá fẹ́ rán mi níṣẹ́ ni.

Inú mi dùn sí ẹkún Tóyìn, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí àánú rẹ̀ tó ṣe mí. Nírọ̀lẹ́, ó ní òun ni yóò wẹ Màmá. Mo jókòó sí pálọ̀, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti balùwẹ̀, àyà mi sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Mo fẹ́ lọ sọ fún un pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé orúnkún yẹn. N kò lọ. Mo mí sínú, mo mí síta, títí àyà mi fi rọ̀.

Ọwọ́ mi ti ń ránṣọ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń le díẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Ọkọ mi ti dá fóònù ńlá padà fún mi, ṣùgbọ́n n kò tíì padà sójú òpó kankan. Tóyìn ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlara náà kò tíì tán. Bí ìlara bá dé, mo mọ̀ ọ́n: ẹnu mi á gbẹ, àyà mi á sáré. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ń ṣe, kó má ṣe dúró di ìgbà tí yóò fẹ́ jó ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kó tó lọ rí dókítà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi tó pariwo ohun tí ẹnu mi kò lè sọ.