Àbùjá tí Oyèṣọlá Pè ní Àdúrà

Lọ́dún 1998, bí ètò kọ̀ǹpútà bá dojú rú mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní Bódìjà, Oyèṣọlá ni wọ́n máa ń júwe fún un. Wọ́n ní gbogbo àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́ ló wà lágbárí rẹ̀. Irọ́ gbuu ni. Ọ̀gbẹ́ni yìí kò lè há ìlàjì wọn sórí.

Àbùjá ló ní. Gbogbo ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ṣàlàyé àwọn àṣẹ náà ló ti kó jọ síbì kan lókè ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bó bá ti tẹ ibẹ̀, èyí tó ń wá á yọjú. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ làwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, wọn a máa na ọrùn, wọ́n sì gbà pé ẹni tó bá ń wo ìwé kò mọṣẹ́. Ojú ti Oyèṣọlá, ló bá kọ “Àdúrà” sórí ibi tó kó wọn sí. Ta ni yóò máa tú àdúrà ẹlòmíràn wò?

Zùwáírátù, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, rí i pé kò sí iṣẹ́ tó le tí Oyèṣọlá ń fọwọ́ kàn láìkọ́kọ́ ṣí Àdúrà. A tẹjú mọ́ ọn, ètè rẹ̀ a máa mì. Obìnrin náà ròyìn fún ọ̀gá wọn pé àdúrà ló fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá sì ń fi yangàn fáwọn oníbàárà. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí Oyèṣọlá jẹ́wọ́. Ẹ̀rín músẹ́ ló rín.

Àìsàn wá kọ lu ìyá Zùwáírátù ní Mòníyà, àwọn dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Mùsùlùmí ni wọ́n, onígbàgbọ́ ni Oyèṣọlá, ṣùgbọ́n ta ló ń ro ìyẹn nírú àsìkò bẹ́ẹ̀? Zùwáírátù rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó máa fi orúkọ ìyá òun sínú àdúrà rẹ̀.

“Mo ti ń fi í sí i,” ni Oyèṣọlá wí.

Láti ìgbà náà, bó bá ti ṣí i, Zùwáírátù a ṣe àmín lábẹ́lẹ̀, nígbà tí ọ̀gbẹ́ni ń ka bí wọ́n ṣe ń to orúkọ àwọn ọmọ ilé ìwé. Ìtìjú náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ojoojúmọ́ ló ń pinnu pé òun máa sọ òótọ́ lọ́la.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, Oyèṣọlá lọ jẹun. Ó padà dé, ó bá Zùwáírátù nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Obìnrin náà fẹ́ tẹ àdúrà náà sórí bébà fún ìyá rẹ̀, kò sì rí àdúrà kankan níbẹ̀.

Oyèṣọlá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Zùwáírátù kò pariwo. Ó mú báàgì rẹ̀.

“Ìyá mi ní àwọn fẹ́ rí yín kí wọ́n tó gbé àwọn wọlé fún iṣẹ́ abẹ. Mi ò lè sọ èyí fún wọn. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Ní ọsibítù, ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Oyèṣọlá títí, débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, ì bá wọlé sínú rẹ̀. Wọ́n ní kó gba àdúrà kan sí i lójú àwọn. Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, wọ́n dijú.

Oyèṣọlá kúnlẹ̀, ó sì pe orúkọ ìyá náà nínú àdúrà fún ìgbà àkọ́kọ́. Zùwáírátù ń wò ó. Ìyá rẹ̀ ṣe àmín.